Ọmọ Ayò Méjìlá Inú Fìlà Ọ̀gá Mi

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń wá jókòó ní ìloro mi, tí ẹ ń bi mí pé, "Bàbá Múfú, iṣẹ́ wo ló dára kí èèyàn kọ́?", ẹ ti yọ mí lẹ́nu tó. Mo mú gègé. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, nítorí náà bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́, ẹ bá mi tún un ṣe nínú ara yín, ẹ má pariwo. Ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ pé ìran wa kì í purọ́. A kàn máa ń fi iyọ̀ díẹ̀ sí òótọ́ ni, kó má baà tẹ́ lẹ́nu.

Ọpọ́n ayò ni mo fi gbogbo ayé mi gbẹ́. Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ náà kò gùn. Bàbá mi mú mi lọ sí Òkè-Sọ́pẹn, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Ọnàsànyà, wọ́n fún wa lómi mu, bàbá mi lọ, èmi kù. Ní ti owó, bí owó ni ẹ ń wá, ẹ lọ gé gẹdú nínú igbó. Kò sí ẹni tó gbẹ́ ọpọ́n tó fi kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ọ̀gá mi jẹ́ èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, Mùsùlùmí òdodo, tí í kírun márààrún láìyẹ̀, tó sì máa ń fi ìyókù ọjọ́ bú àwa ọmọ iṣẹ́. Odindi ọdún kìíní, mi ò fọwọ́ kan irin. Ewé eépín ni mo ń já, tí mo fi ń ha ojú igi títí ìka mi fi ń dán ju ọpọ́n lọ. Lẹ́yìn náà ni mo kọ́ bí a ti ń gbọ́ ilé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ilé ni à ń pe ihò ojú ọpọ́n, etí sì ni a fi ń mọ èyí tó dára. Ọ̀gá á sọ ọmọ ayò kan sínú ilé tí a gbẹ́. Bí ọmọ náà bá yí dé àárín, tó dákẹ́ lójú kan, ilé ti pé. Bí ó bá ń yí kiri bí àlejò tí kò mọ ibi tí yóò sùn, ọpọ́n náà di igi ìdáná Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó ọ̀gá, nìyẹn.

"Ùwọ Múfú," ọ̀gá á wí lédè Ìjẹ̀bú tó máa ń gún èèyàn létí, "ulé rè é àbí ọ̀gbun?"

"Ilé ni, Ọ̀gá."

"Ta ló máa gbé e? Ọ̀bọ?"

"Ọmọ ayò ni, Ọ̀gá."

"Ọmọ ayò ní kí n sọ fún ọ pé òun kò gbé ilé ọ̀bọ. Gbé e fún Ìyá Àbẹ̀kẹ́."

Ọbẹ̀ tí mo fi iṣẹ́ ọwọ́ mi dáná sè nílé yẹn, bí wọ́n bá dà á sódò, ẹja yóò yó.

Òfin rẹ̀ kejì: igi kò gbọdọ̀ di ọpọ́n bí kò bá tíì rí ẹ̀ẹ̀rùn méjì lórí àjà. Igi tútù máa ń sùn bí ọpọ́n, á jí bí pákó tó sán. Nítorí náà gbogbo àjà àtíbàbà wa kún fún ìtì igi apá tí ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tọ́jú òkú àgbà. Ìtì kan wà níbẹ̀ tó le tó bẹ́ẹ̀ tí ó fọ́ àáké mẹ́ta fún wa. Ọ̀gá dúró tì í, ó bú u láti àárọ̀ di ìrun ọ̀sán, ó bú igi tó bí i, ó bú ẹyẹ tó su èso rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìtìjú mú igi náà, ó là fúnra rẹ̀. Ojú mi báyìí ló ṣe.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ayò, ẹ gbọ́ kí ẹ lè bá mi dé ibi tí mo ń lọ. Ilé mẹ́fà ló wà níwájú rẹ, mẹ́fà níwájú ẹni tí ẹ jọ ń ta. O máa kó ọmọ inú ilé rẹ kan, o máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àwọn ilé tó tẹ̀lé e lápá ọ̀tún, títí yóò fi yí kọjá sọ́dọ̀ ẹnìkejì. Bí èyí tó kẹ́yìn bá bá ọ̀kan tàbí méjì nínú ilé rẹ̀, o jẹ wọ́n. Ilé tí ọmọ pọ̀ sí rẹpẹtẹ là ń pè ní odù. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni òpè. Ìyẹn rọrùn, ewúrẹ́ lè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n òfin kan ga ju gbogbo rẹ̀ lọ: bí gbogbo ilé ẹnìkejì bá ṣófo, o kò gbọdọ̀ fi ebi pa á. Dandan ni kí o ta ilé tí ọmọ rẹ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bíbọ́ là ń pe ìyẹn. Bí o kò bá sì lè bọ́ ọ mọ́, ayò ti parí. Gbogbo ọmọ tó kù lójú ọpọ́n di tìrẹ.

Orí òfin yìí ni ọ̀gá mi fi àṣà àtíbàbà wa lé. Ọpọ́n tuntun kì í jáde lọ́dọ̀ wa láìtú kókó. Bí o bá sanwó tán, ọ̀gá á tẹ́ ọmọ ayò díẹ̀ sí ojú ọpọ́n náà bí ayò tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, á wò ọ́ lójú, á bi ọ́ pé, "Ilé wo ni kí n ta?" Kókó nìyẹn. Bí o bá tú u, gbé ọpọ́n rẹ máa lọ. Bí o kò bá tú u, ọpọ́n kò kúrò níbẹ̀. Ọkùnrin kan ti Àgọ́-Ìwòyè wá, kókó tirẹ̀ mú un. Ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, kò tú u. Ó ń bọ̀, ó ń lọ, títí ó fi fẹ́ ọmọ ilé tó kọjú sí wa. Ọmọ rẹ̀ àkọ́bí ló bá a tú kókó náà. Àwọn aláyò láti Òrù títí dé etí odò máa ń gbé kókó wa kiri lórí bí ẹni gbé orin. Wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n máa ń kà á láti òsì sí ọ̀tún ni: ọ̀kan, òfìfo, mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀ta ìgbà yẹn kì í ṣeré. Wọ́n wá sọ fún ọ̀kan nínú wọn, tó ń ta lọ́wọ́, pé ìyàwó rẹ̀ ti bí ọmọ kan, ìkejì ń bọ̀ lọ́nà. Ó ní kí wọ́n sọ fún ìkejì kó ní sùúrù, òun ti fẹ́ jẹ odù.

Ẹni kan ṣoṣo ló máa ń tú kókó ọ̀gá mi kó tó tẹ́ ẹ tán. Tísà Odùnúgà ni, ará Mẹ́tọ́díìsì, tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Bí ilé ìwé bá ti jáde, a ó máa gbọ́ bàtà rẹ̀. Ọ̀gá mi tí kì í rẹ́rìn-ín fún wa, á ti máa rẹ́rìn-ín músẹ́ kí bàtà tó dé.

"Òpè ti dé," ọ̀gá á wí.

"Òpè wo? Ìwọ Ọnà tí mo jẹ lánàá tó o fi sunkún wọlé ìyàwó rẹ?"

"Èéfín ìdáná ló bọ́ sí mi lójú."

"Èéfín máa bọ́ sí ọ lójú lónìí pẹ̀lú. Jókòó."

Wọ́n á bú ara wọn títí oòrùn á fi wọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á da aṣọ bo ọpọ́n, nítorí a kì í ta ayò lálẹ́. Àwọn tí kì í ṣe èèyàn ló ni ọpọ́n nígbà náà, ẹni tó bá sì bá wọn ta, ilé rẹ̀ ni wọn yóò jẹ. Ibi tí ọ̀gá àti Tísà bá bá a dé ni wọn yóò ti tẹ̀síwájú lọ́jọ́ kejì. Ọdún méló ni wọ́n fi ṣe é? Ẹ bi ọpọ́n, ó ti jẹ́ ẹlẹ́rìí fún ìhà méjèèjì.

Nígbà tó ṣe, òṣèlú dé. Ìgbà tí ìjọba wa ṣì wà ní Ìbàdàn ni. Ìdìbò dà rú, àwọn kan ní àwọn wọlé, àwọn kan ní wọ́n jí ìbò àwọn gbé. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ kankan, ìdí ni pé àwọn ọmọ àwọn tó ṣe é ṣì ń kí mi. Wọ́n mú Tísà lọ ka ìbò, láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ di èèyàn àwọn tó wà lórí àlééfà. Àtíbàbà wa ní tirẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ló ń jókòó síbẹ̀. Àwọn tó ń bínú pọ̀ níbẹ̀ ju àwọn tó ń yọ̀ lọ, wọ́n sì ń pariwo. Ọ̀gá ò lé ẹnikẹ́ni. Ó ní ìhà méjì ni ọpọ́n ní látọjọ́ tí wọ́n ti dá a.

Ọjọ́bọ̀ kan, Tísà wá, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ta ayò bí ẹni tí kò rí ojú ọpọ́n. Láàárín eré ó dìde, ó wọ bàtà.

"Ọnà," ó wí, "ẹ má jókòó síbí lọ́la."

"Kí ló dé?"

"Mo ní kí ẹ má jókòó síbí lọ́la." Ó sì lọ.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni ọjọ́ kejì. A wà ní mọ́ṣáláṣí, nítorí náà ẹnikẹ́ni ò jókòó síbẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sálámà parí ìrun ni a rí èéfín. Kí a tó sáré dé, kẹrosín ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Igi apá tó ti gbẹ fún ẹ̀ẹ̀rùn méjì kì í jó bí igi, ó ń jó bí ẹni tó ti ń dúró de iná. Gbogbo àjà wó lulẹ̀. Ọ̀gá wọ inú rẹ̀ lọ ká tó lè dì í mú, ó fa ọpọ́n kan ṣoṣo jáde, ọpọ́n àtijọ́ tí òun àti Tísà máa ń ta, etí rẹ̀ kan ti di èédú. Èéfín tó fà símú lọ́jọ́ náà kò jáde mọ́.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ní kí a dúpẹ́, ó ní Tísà kúkú kìlọ̀. Ọ̀gá wò ó.

"Wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí," ó wí, ikọ́ sì ń gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. "Ilé mi ń jó, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló fún mi. Odindi ló yẹ kó sọ, kí n lè gbé igi mi jáde. Ẹ má dárúkọ rẹ̀ nílé yìí mọ́."

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, àwọn tí wọ́n sun ibi ìjókòó wọn náà gbẹ̀san. Wọ́n lọ fọ́ ilé Tísà, wọ́n ń wá a káàkiri. Ó ti sá lọ sí Èfìrè, létí ọ̀sà, níbi tí àwọn ará ìyá rẹ̀ ti ń pẹja. Báyìí ni ìhà méjèèjì ọpọ́n ṣe ṣófo.

Ọ̀gá mi kò tún àtíbàbà kọ́. Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní lábẹ́ òrùlé ìdáná, àyà rẹ̀ ń dún bí àpò tí wọ́n ń fà nílẹ̀. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ se àgbo títí, kò gbọ́. Lọ́jọ́ kan ó pè mí. Ó ní kí n gbé ọpọ́n jíjó náà wá, kí n sì kó ọmọ ayò. Ó tẹ́ kókó kan sójú rẹ̀. Níhà ti ẹnìkejì, kò fi nǹkan kan síbẹ̀. Níhà tirẹ̀, láti òsì sí ọ̀tún, ó fi ọ̀kan, òfìfo, òfìfo, ọ̀kan, mẹ́sàn-án, ọ̀kan.

"Kà á."

Mo kà á.

"Tún un kà. Gbé ọpọ́n yìí lọ bá ẹni yẹn. Tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. Bi í pé ilé wo ni kí n ta."

Kò dárúkọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀gá mi ń kú lọ, kò sì fẹ́ kú kí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa wo ara wọn láti òkèèrè. Ó sì le jù láti bẹ̀bẹ̀.

Ní gbogbo ọ̀nà, bí mo ti wọkọ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde, tí mo tún wọ òmíràn dé etí odò, kókó náà ni mo ń rò. Ilé méjì péré ni ọ̀gá lè fi bọ́ ẹni tí ebi ń pa: kékeré tó wà lópin, tó ní ọmọ kan, tàbí odù tó tẹ̀lé e, tó ní mẹ́sàn-án. Bí ó bá ta odù, ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà Tísà ni yóò jẹun. Ìyẹn ìdáríjì. Bí ó bá ta kékeré, ọmọ kan ló jù sí i. Ìyẹn ìṣọ̀tá. Mo rò pé mo ti tú u. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ọ̀nì kan yọ orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó wo ọpọ́n tó wà lórí itan mi, ó mi orí, ó sì padà sísàlẹ̀. Mo ní òpè ni.

Tísà ń tún àwọ̀n ṣe lábẹ́ igi àgbọn. Ó ti rù. Ọwọ́ tó ń mú ẹfun ìkọ̀wé ti kún fún ojú ọgbẹ́ okùn.

"Múfú? Ta ló rán ọ?"

"Ọpọ́n ló rán mi, Tísà."

Igi ayò pọ̀ létí ọ̀sà yẹn pẹ̀lú ẹ̀gún rẹ̀. Mo ká èso, mo pa á, mo tẹ́ kókó síwájú rẹ̀. "Ọ̀gá ní kí n bi yín pé, ilé wo ni kí òun ta?"

Ó wò ó pẹ́. Ó na ọwọ́, ó fi ìka kan etí ọpọ́n tó ti di èédú, ìka rẹ̀ dúdú.

"Mo gbọ́ pé wọ́n máa sun nǹkan," ó wí. "Wọ́n ò sọ ibẹ̀ fún mi. Mo fura ni. Bí mo bá sọ odindi, tí kò bá ṣẹlẹ̀, àwọn tiwa á ní mo tú àṣírí. Mo fi àbọ̀ ṣe é." Ó nu ìka sára ṣòkòtò. "Kékeré ni yóò ta. Mo mọ̀ ọ́n. Yóò ju ọmọ kan sí mi bí ẹni ju eegun sájá. Gbé ọpọ́n rẹ máa lọ."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ ayò. Ó tún pè mí.

"Ṣé ara rẹ̀ le?"

"Tísà, ẹni tí ara rẹ̀ le kì í rán ọpọ́n níṣẹ́."

Ó dìde, ó wá aṣọ.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe gbé e wọlé, nítorí wọ́n ṣì ń wá a. Àǹtí rẹ̀ kan ró ìró fún un, ó wé gèlè sí i lórí, a gbé agbọ̀n ẹja rù ú. Nínú gbogbo obìnrin tí mo ti rí láyé, mi ò rí èyí tó burẹ́wà tó bẹ́ẹ̀. Ní Òrù, àwọn ọ̀dọ́ kan dá ọkọ̀ wa dúró, wọ́n ń yẹ ojú wò. Ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ wa.

"Màmá, èló lẹja?"

Ohùn Tísà dà bí ti ẹ̀rọ ìlagi, kò lè la ẹnu. Mo ní, "Ọkọ ìyá yìí ló kú, kò lè sọ̀rọ̀."

Ọmọ náà tẹjú mọ́ ọn. "Ọ̀fọ̀ yìí pọ̀ o. Ó ti hu irùngbọ̀n fún Màmá." Àwọn yòókù ń bi í pé kí ló rí. Ó fi ọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. "Obìnrin ẹlẹ́ja ni! Ẹ máa lọ!" Bí ọkọ̀ ṣe ń ṣí, mo gbọ́ ọ tó ń fi ohùn kékeré kọrin ìṣirò tí wọ́n máa ń kọ ní kíláàsì Tísà. Tísà bo ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí gèlè, kò sì ṣí i títí a fi délé.

Ìrọ̀lẹ́ ni a dé. Ọ̀gá wà lórí ẹní, ó wo obìnrin gíga tó dúró lẹ́nu ìdáná.

"A ò ra ẹja," ó wí.

"Bí o bá rà á, eegun rẹ̀ á há ọ lọ́fun, òpè."

Ọ̀gá pa ojú dé. Mo rò pé inú ń bí i. Nígbà tó ṣí i, ó ní, "Múfú, gbé mi jókòó. Tẹ́ ẹ."

Mo tẹ́ kókó náà láàárín wọn. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ dúró, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé àyà. Ọ̀gá na ọwọ́. Ó kọjá lórí odù. Kékeré ló mú. Ó jù ú sí ilé kìíní Tísà, ó dún tín-ín.

"Mo bọ́ ọ," ó wí. "Jẹun."

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ kọ ẹ̀yìn sí wa. Ṣùgbọ́n Tísà kò bínú. Ó ní, "Ahun!" ó sì sún ọmọ kan ṣoṣo náà síwájú.

"Sá lọ, mo ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ," ọ̀gá wí, ó sún ọ̀kan nínú kéékèèké tirẹ̀.

"Pẹ̀lú ikọ́ yẹn? Ìgbín á ṣáájú rẹ."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ta á. Tísà ń sún ọmọ kan rẹ̀ láti ilé dé ilé, ọ̀gá ń sún kéékèèké tirẹ̀, èébú ń lọ, èébú ń bọ̀, ọ̀gá á ta á, á sinmi, á húkọ́, á tún bú u. Kò sí ẹni tó dárúkọ iná. Nígbà tí ọmọ Tísà fi dé ilé rẹ̀ tó kẹ́yìn, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ọ̀gá sún kékeré tirẹ̀ tó kù wọ inú odù.

"Ó kàn ọ́," ó wí. "Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú. Da aṣọ bò ó, Múfú. Lọ́la."

"Lọ́la, Ọnà."

Wọ́n kò tíì pe ìrun àsùbáà tí ọ̀gá mi fi dákẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí àwọn àfáà ń wẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, Tísà lọ sídìí ọpọ́n, ó ká aṣọ kúrò, ó jókòó sí ìhà tirẹ̀. Mo rò pé ó ń sunkún lásán. Ó pè mí.

"Múfú, wò ó. Ṣé o rí ohun tó ṣe?"

Mi ò rí nǹkan kan.

"Bí mo bá sún ọmọ mi yìí, yóò kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀, ilé mi á ṣófo. Gbogbo kéékèèké rẹ̀ ló ti fi sínú odù. Kò ní nǹkan mìíràn tó lè dé ọ̀dọ̀ mi. Òfin ni kó bọ́ mi. Dandan ni kó da odù náà sọ́dọ̀ mi láàárọ̀ yìí, yóò sì máa bú mi bó ti ń dà á." Ó fi ìka kan odù náà. "Láti ìgbà tó ti ta kékeré ni. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí ayò náà lè gbà. Kò fẹ́ kí n tọrọ, kò sì fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ló fún mi."

Ó sún ọmọ kan ṣoṣo náà. Ó bọ́ sí ilé ọ̀gá, ó yí dé àárín, ó dákẹ́. Ìhà Tísà ṣófo.

Mo ní, "Tísà, ṣé kí n bá ọ̀gá da odù náà?"

"Rárá. Ọwọ́ ẹlòmíràn kì í bọ́ni. Ẹni tí kò bá lè bọ́ ọ mọ́, òun ló kó gbogbo rẹ̀." Ó mú fìlà ọ̀gá lórí ìṣó, ó kó gbogbo ọmọ tó wà lójú ọpọ́n sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ó jẹ mí."

Wọ́n sin ọ̀gá lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Tísà kò lè bá wọn dé ibojì. Ó ró ìró rẹ̀ padà, ó ru agbọ̀n òfìfo, ó lọ. Mo lọ kí i ní Èfìrè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí òun náà fi kú. Àwọn ọmọ etí odò ló ń kọ́ ní ìṣirò. Bí mo bá gbé ọpọ́n dé, á ní ojú òun kò ríran mọ́. Ojú náà sì ń rí abẹ́rẹ́ àwọ̀n.

Ìyókù iṣẹ́ mi kò pọ̀. Mo tún àtíbàbà kọ́, mo gbẹ́ ọpọ́n, mo kọ́ àwọn tí wọ́n jókòó tì mí tí wọ́n sì dìde lọ. Sanpépà lé ewé eépín lọ. Àwọn káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ lu ilé méjìlá lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ ayò á máa yí kiri nínú rẹ̀ láìrí ibi sùn, kò sì sí Ìyá Àbẹ̀kẹ́ tí yóò fi dáná. Lẹ́yìn náà, ọpọ́n oníke dé. Àwọn olùkọ́ kan ní Àgọ́-Ìwòyè ní kí n gbẹ́ ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì, ayò òyìnbó, fún ẹgbẹ́ àwọn. Wọ́n fi kókó tiwọn hàn mí nínú ìwé, ó dára, ó ń mú ni lórí. Mo bi wọ́n pé bí gbogbo èèyàn ọba ẹnìkejì bá tán, tó ku òun nìkan, ṣé òfin ní kí ẹ bọ́ ọ? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn máa lé e títí kò fi ní ibi tó lè fẹsẹ̀ sí ni. Mo gbẹ́ ẹ fún wọn, ọba náà sì lẹ́wà, mo sì ṣàánú rẹ̀.

Ẹ ní iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́. Mi ò mọ̀. Ẹ kọ́ èyí tí ẹnìkan yóò máa jókòó sí òdì kejì rẹ̀, nítorí ọpọ́n máa ń pẹ́ láyé ju ẹni tí ẹ jọ ń ta lọ. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ fún mi ní fìlà náà kí òun náà tó kú. Ó wà lórí ìṣó lẹ́yìn mi níbi tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ọmọ méjìlá ló wà nínú rẹ̀. Àwọn aláyò ti bẹ̀ mí kí n fi wọ́n ta, wọ́n ní ọmọ ayò àtijọ́ máa ń dún dáadáa. Mo máa ń sọ fún wọn pé wọn kì í ṣe tèmi, ẹni tó jẹ wọ́n ni ó ni wọ́n.